Gálílì Ọdún Tí Ọ̀nà Yí Padà

Ẹni tó bá ní òun mọ ọkọ òun tinú-tẹ̀yìn, kó lọ fomi tútù bọ́jú, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Odidi ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń sọ ọ́ káàkiri Ajégúnlẹ̀ pé kò sí ohun tó wà lára Lazarus Ọlálérè tí èmi Morádéún ò mọ̀: bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń hanrun, ohun tó máa bí i nínú kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé inú ń bí òun. Ọjọ́ kan ṣoṣo, lẹ́bàá omi, ni Ọlọ́run dójú tì mí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ tí obìnrin kan ń fi ọkọ ẹ̀ yangàn, ara mi á bù máṣọ.

Dírẹ́bà ni ọkọ mi. Láti Ìgbájọ ló ti wá sí Èkó, ó kọ́kọ́ ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù Apapa kó tó kọ́ ọkọ̀ wíwà. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń wa bọ́lẹ̀kájà fún Ọ̀gá Tonye, ọkùnrin ará etí òkun lápá ìlà-oòrùn kan, tó ní ọkọ̀ mẹ́ta àti ọ́fíìsì onípáànù kan ní Malu Road. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù ni Ọlálérè ń kó láti Ajégúnlẹ̀ lọ sí Apapa ní ìdájí, á sì kó wọn padà nírọ̀lẹ́. Ní Sátidé àti Sọ́ńdè, àwọn ìjọ ló máa ń háyà ọkọ̀ náà. Nínú gbogbo ọdún mẹ́rìnlá yẹn, kò forí ọkọ̀ sọ igi, kò gbá ẹnikẹ́ni. Adìyẹ lásán, kò tẹ ọ̀kan pa rí. Ọ̀gá Tonye a máa sọ fún àwọn tó bá wá háyà ọkọ̀ pé, "If na Lazarus carry you, sleep. You go wake up for where you dey go."

Ìwà kan wà lára rẹ̀ tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, á yí orí sí òsì díẹ̀, bí àkùkọ tó ń wo àgbàdo. Bó bá ń rìn lọ ní títì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn ọmọ àgbàlá wa a máa sín in jẹ. Èmi gbà pé ìgbéraga ni, pé iṣẹ́ ọkọ̀ ló ti gun orí rẹ̀. Mo máa ń bi í pé, "Bàbá Ṣínà, ṣé ọrùn yín ti gan ni?" Á rẹ́rìn-ín, á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Èmi ní tèmi, aránṣọ ni mí, ẹnu mi sì mú ju abẹ́rẹ́ mi lọ. Èmi ni mo rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ náà, lára àwọn olóhùn òkè. Ohun kan tún wà tí mo fi ń ṣe fáàrí jù, òun ni ọ̀rọ̀ Apólò. Ẹ ó rántí àìsàn ojú yẹn, tó dé nígbà tí àwọn òyìnbó gun òṣùpá tán. Nígbà tó wọ Ajégúnlẹ̀, kò sí ilé tí ojú ò pọ́n. Ó mú Ọlálérè gidi. Mo sáré lọ sí Marine Beach, mo ra oògùn inú ìgò kékeré kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ní inú ọkọ̀ òkun lòun ti rí i. Èmi fúnra mi ni mo kán an sí ojú ọkọ mi. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ ìtàn yìí fún gbogbo ayé, títí àwọn aládùúgbò fi ń pè mí ní Dókítà Ojú, inú mi á sì máa dùn ṣìnkìn.

Ọdún méjì lẹ́yìn Apólò, ní 1972, ni ìjọba ní ọwọ́ òsì tí gbogbo ọkọ̀ ń tọ̀ ti tó gẹ́ẹ́, pé láti Ọjọ́ Àìkú ọdún Àjíǹde, ọwọ́ ọ̀tún ni kí oníkálukú máa tọ̀. Rédíò pariwo ọ̀rọ̀ náà títí etí wa fi kún. Àwọn kan ní ayé máa parẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwa tí a kì í wakọ̀ ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Á jókòó sí àgbàlá lẹ́yìn iṣẹ́, á kó agolo mílíìkì méjì jọ sílẹ̀, á máa ti ọ̀kan bọ̀ níbí, á máa ti èkejì bọ̀ lọ́hùn-ún, kí wọ́n pàdé. Á tún wọn tò, á tún tì wọ́n. Lẹ́yìn náà á mi orí, á kó wọn dà nù. Mo rò pé ó ń kọ́ òfin tuntun ni. Mo tiẹ̀ ń yìn ín nínú ara mi.

Ọdún yẹn kan náà ni ìjọ kan ní Iléṣà ránṣẹ́ pe ẹgbẹ́ akọrin wa pé ká wá bá wọn kọrin Àjíǹde. Inú wa dùn kọjá àlà, nítorí Gálílì ni. Gbogbo ìjọ ló máa ń ṣe Gálílì ní Mọ́ńdè Àjíǹde: wọ́n á di oúnjẹ, wọ́n á jáde kúrò nílùú, torí Jésù tó jíǹde ti ní òun ń ṣáájú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn òun lọ sí Gálílì. Ní tiwa, ibì kan náà là ń lọ lọ́dọọdún, orí iyanrìn Marine Beach níbẹ̀ yẹn, ibi tí à ń rí lójoojúmọ́, tí ẹja gbígbẹ ń rùn. Sístà Dorothy, aṣáájú ẹgbẹ́ akọrin, tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Apapa, ní lọ́tẹ̀ yìí a ó ṣe Gálílì tó bá orúkọ rẹ̀ mu. Ní Sátidé a ó lọ sí Iléṣà, ní Sọ́ńdè a ó kọrin, ní Mọ́ńdè a ó lọ wo ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ omi Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, tó ń já láti orí àpáta, ká tó máa bọ̀ wálé. Èmi ò rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò lè sùn nítorí rẹ̀.

Ọlálérè ní òun ò lọ.

Ó kọ́kọ́ ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó tún ní kí Ọ̀gá Tonye fún wa ní dírẹ́bà mìíràn. Sístà Dorothy yarí, ó ní bí kì í bá ṣe Lazarus, òun ò gbé ọmọ ọlọ́mọ jáde ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀nà ń yí padà. Ọ̀gá Tonye náà fara mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò náà, mo dúró lé ọkọ mi lórí nínú yàrá.

"Bàbá Ṣínà, ṣé nítorí wọ́n ní kí ẹ yà sọ́tùn-ún ni ẹ ṣe ń gbọ̀n? Àwọn ọmọdé àná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì ò sá, ẹ̀yin lẹ fẹ́ sá?"

"Morádéún, fi mí sílẹ̀. Ìrìn àjò yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ó dáa. Kí n lọ sọ fún ẹgbẹ́ akọrin pé ojo ni ọkọ mi. Kí n mọ èyí tí màá sọ."

Ó yí orí sí mi, ó wò mí pẹ́. Mo rò pé inú ló ń bí i. Ó wá ní, "Kò burú. A ó lọ." Mo sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mò ń kọrin bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Ìrìn àjò ti Sátidé dùn. Ọwọ́ òsì la ṣì ń tọ̀, ọkọ̀ sì ń lọ wọ́ọ́rọ́. Ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà lẹ́yìn, tí à ń kọrin láti Ìkòròdú dé Ifẹ̀. Sístà Dorothy jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà bó ṣe yẹ aṣáájú. Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, a wá Ọlálérè tì níbi oúnjẹ. Etí títì ni mo ti bá a, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń fọwọ́ darí ọkọ̀ sí ọ̀tún. Ó dúró pa síbẹ̀ nínú oòrùn, ó ń wo bí àwọn ọkọ̀ ṣe ń pàdé ara wọn. Mo fà á lápá, mo ní kó wá jẹun, kí ìrẹsì má tutù. Ó ní òun ń bọ̀.

Mọ́ńdè ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. A ò tíì rìn jìnnà sí Iléṣà nígbà tí a dé ibi kọ́nà kan, ọkọ̀ gẹdú sì yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkọ̀ tiwa ò yẹra. Ó kàn ń lọ tààrà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níwájú lápá òsì. Sístà Dorothy ké, "Jésù!" Ọlálérè ṣẹ̀ṣẹ̀ wá já ọwọ́ ọkọ̀ sí ọ̀tún. Gẹdú fi ẹ̀gbẹ́ ha wa kọjá, ó gbé dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ, ó bó pákó ara ọkọ̀ bí ẹni bó iṣu. Ìwé orin fò lọ, mọ́ínmọ́ín dà sílẹ̀, àwọn obìnrin ń pariwo. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, kò sẹ́ni tó fara pa.

Friday, akọ̀wé wọ́ọ̀fù kan tó máa ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, ló kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Brother Lazarus, no mind dem! Na new law cause am. Everybody go learn am." Gbogbo wọn bú ìjọba, wọ́n bú dírẹ́bà gẹdú, wọ́n ki ọkọ mi kú oríire. Ọlálérè lọ síwájú ọkọ̀. Ó di bọ́ńẹ́ẹ̀tì mú gírígírí. Ká má parọ́, ojú ló tì mí. Ẹni tí mo fi ń yangàn ló ṣe báyìí lójú gbogbo ayé. Mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo lọ bá àwọn obìnrin ṣa ìwé orin.

Ariwo omi náà lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí i. Ẹ ó rò pé òjò ńlá kan ń bọ̀ nínú igbó. Nígbà tí a yọ sí i, gbogbo wa gbójú sókè. Omi funfun ń ya bọ̀ láti òkè gíga, ó ń lu àpáta, ó ń fọ́n sí wa lójú, tútù bí yìnyín. Mi ò mọ ìgbà tí omijé jáde lójú mi. Sístà Dorothy ní ká kọrin. A la ẹnu, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ká má tíì sọ ti ẹnìkejì. A rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń júwe orin lásán, a bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó lágbára gun òkè lọ wo omi kejì, torí wọ́n ní ó pọ̀ ní ìpele-ìpele.

Mo wá ọkọ mi lọ. Ó dá jókòó sórí òkúta ní ìsàlẹ̀, ó kọjú sí omi. Mo bu ìrẹsì àti ẹja díndín sínú àwo, mo gba apá òsì rẹ̀ wá. Mo pè é, omi gbé ohùn mi mì. Mo dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo na àwo náà sí i. Kò gbà á. Mo ní nínú ara mi pé, ẹ wo ọkùnrin yìí, ó tún ń bínú. Mo gbé àwo náà sún mọ́ ojú rẹ̀. Kò ṣe bí ẹni tó rí i.

Mo gbé àwo sílẹ̀. Mo na ọwọ́ sí ojú òsì rẹ̀, mo jù ú bí ẹni ń lé eṣinṣin. Mo sún mọ́ ọn sí i, títí ìka mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irun ìpéǹpéjú. Kò ṣẹ́jú. Ojú náà là sílẹ̀ rekete, ó mọ́, kò ní àléébù kan, ó sì ń wò mí, kò sì rí mi.

Nílé, mi ò lè yọ sí i bẹ́ẹ̀ láé. Á ti gbọ́ sálúbàtà mi láti ọ̀ọ̀dẹ̀, á ti yíjú sí mi kí n tó dé. Omi yẹn ló bo ìró ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án léjìká, ó ta gìrì, díẹ̀ ló kù kó ṣubú sómi.

Mo fi ẹnu sí i létí. "Bàbá Ṣínà, ìka mélòó nìyí?"

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò."

"Mélòó ni?"

Ó ti ọwọ́ mi kúrò. Mo tún bi í, "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà Apólò."

"Irọ́ ni! Apólò yẹn san. Èmi ni mo wò ó sàn!"

Ó yí gbogbo orí sí mi, ó fi ojú kan yòókù wò mí, kò sí ìbínú kankan níbẹ̀. Ó ní, "Morádéún, ojú ọ̀tún ni o ò kán nǹkan sí."

Nígbà náà ni mo rántí. Òsì ni mo kọ́kọ́ kán sí. Ó pariwo, ó fò dìde, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n fi ọ̀tún sílẹ̀, ó ti tó. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbà ọkùnrin ń ké bí ọmọ tí ata bọ́ sí lójú. Ó fomi bọ́jú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀tún tí mi ò fọwọ́ kàn, òun ló san fúnra rẹ̀. Èmi ni mo fọ́ ojú ọkọ mi, mo sì fi ọdún méjì gbàyìn lórí rẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta bí ẹni tí wọ́n la odó mọ́ lórí. Àwọn akọrin ń rẹ́rìn-ín lókè, omi ń ya lulẹ̀, mi ò lè sunkún.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Ìwọ tí inú ẹ ń dùn káàkiri. Kí n wá ní kí ni?" Ó ní ìṣòro ò sí nígbà tí à ń tọ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ti ń pàdé òun nígbà náà, igbó àti kòtò nìkan ló wà lósì, òun sì mọ ibi tí wọ́n wà. Ó ní, "Ní báyìí, ọwọ́ òsì ni gbogbo wọn ti ń bọ̀."

Mo dìde, mo ní màá lọ sọ fún Sístà Dorothy. Ó di aṣọ mi mú. Ó ní kò sí ẹlòmíràn tó mọ ọkọ̀ wà nínú wa, pé tí mo bá sọ ọ́ níhìn-ín, inú igbó ni ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n máa sùn. "Jẹ́ kí n gbé wọn délé. Wá jókòó sí òsì mi. Bí o bá rí ọkọ̀, fọwọ́ kàn mí lórúnkún. Mi ò ní sáré." Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí màá fi ní rárá? Mo gbà.

Sístà Dorothy ò fẹ́ fi iwájú ọkọ̀ sílẹ̀. Mo ní èébì ń gbé mi. Ó gbà, àwọn obìnrin sì fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ìyá Ṣínà ń jowú, pé kò fẹ́ kí olórí akọrin jókòó ti ọkọ òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí a fi kọjá Iléṣà. Èmi ò gbọ́ ẹ̀rín wọn mọ́. Ojú mi wà lọ́nà. Ọkọ̀ yọ, mo kan orúnkún rẹ̀. Òmíràn yọ, mo tún kàn án. Ó ń rọra lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń fun fèrè, wọ́n ń bú wa bí wọ́n ti ń kọjá. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Ìkirè, tánkà epo kan gba àárín títì bọ̀. Mo tẹ orúnkún rẹ̀, mo fi gbogbo èékánná mi tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé ọkọ̀ wọ eruku etí ọ̀nà. Tánkà kọjá. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò dákẹ́ orin, wọn ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo wo Ọlálérè, òógùn ti bo gbogbo ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ títí dé Èkó.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tán nígbà tí a dé Ajégúnlẹ̀. Gbogbo wọn yí i ká, wọ́n gbàdúrà fún un. Friday gbọn ọwọ́ rẹ̀ pé, "Lazarus, na you be driver! Dem no born anoder one." Mo wo àwọn ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yẹn tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Nílé, mo gbé oúnjẹ fún un. Ó ní òun ń lọ síṣẹ́ lọ́la.

Mo ní, "Àwọn ará wọ́ọ̀fù lẹ fẹ́ kó? Ta ni máa jókòó lósì yín?"

"Ọlọ́run."

Ìdáhùn yẹn ló pa mí láyà jù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Túsìdè mọ́, ó ti jáde. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mi ò rán nǹkan kan. Mò ń rí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn tí wọ́n gbé àwo oúnjẹ dání, tí wọ́n fún mọ́ ara wọn lórí bẹ́ǹṣì bọ́lẹ̀kájà, tí oníkálukú ní ìyàwó nílé. Mo sì ń rí ọkọ mi. Ojú rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbà, iṣẹ́ rẹ̀ ni mo tún fẹ́ lọ gbà yìí. Mo bẹ Ọlọ́run kó fi ọ̀nà mìíràn hàn mí. Kò fi ọ̀nà kankan hàn mí. Mo sọ fún Ṣínà ọmọ wa pé mò ń lọ ra òwú, mo wọ sálúbàtà, mo sì gba Malu Road lọ, pé kí n lọ sọ fún Ọ̀gá Tonye pé kó má fún ọkọ mi ní ọkọ̀ mọ́ láé. Bí mo ṣe ń lọ ni mò ń tún ọ̀rọ̀ náà tò lẹ́nu: "Ọ̀gá, ọkọ mi ò ríran."

Bọ́lẹ̀kájà ṣì wà níwájú ọ́fíìsì. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù ń kùn pé àwọn ti pẹ́. Mo wọlé. Ọ̀gá Tonye jókòó, ó fọwọ́ lérán, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ọlálérè dúró, ó ká fìlà mọ́wọ́. Mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ó ti sọ ọ́. Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kí n tó dé.

Ó gbọ́ sálúbàtà mi, ó yíjú. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Mo ti la ẹnu, ọ̀rọ̀ tí mo tò bọ̀ wà ní góńgó ahọ́n mi. Mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ ohun tí mo wá ṣe. Ó mọ̀ ọ́n dájú.

Ó kọjú sí ọ̀gá rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìyàwó mi ni. Láti àná ló ti ń sunkún. Mo ní kó má wá, kò gbọ́. Ó ní bí òun bá kúnlẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ ò ní gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Kò sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi náà ò sọ fún un pé màá bẹ ẹnikẹ́ni. Orúnkún mi kanlẹ̀, kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ kúnlẹ̀, wọn ò kàn lè gbé mi ró mọ́. Ẹkún tí ò jáde létí omi wá jáde.

Ọ̀gá Tonye dìde, ó gbé mi nílẹ̀. Omi ti kún ojú rẹ̀. Ó ní, "Madam, e don do. I no fit give am motor again, God no go gree. But Lazarus no go leave this place." Ó fi ọkọ mi ṣe ẹni tó ń to èrò sọ́kọ̀ lójúde ọ́fíìsì náà, ibẹ̀ ló sì wà títí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi mú un lọ lọ́dún 1977.

Ọ̀gá Tonye ló gbé ìtàn náà kiri. Ó sọ ọ́ fún àwọn dírẹ́bà, ó sọ ọ́ ní wọ́ọ̀fù, ó sọ ọ́ níwájú ìyàwó tirẹ̀ láti fi bá a wí. Ọlálérè ò já a nírọ́ níbì kankan. Lẹ́ẹ̀kan péré ni mo gbìyànjú. Mo ní, "Bàbá Ṣínà, ọjọ́ tí mo wá sí Malu Road yẹn..." Ó ní, "Ẹja yìí dùn o. Ṣé ó kù?" Mo dìde, mo lọ bù sí i.

Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, Sístà Dorothy dìde níwájú ìjọ. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń múra àtilọ́kọ gbọ́ nǹkan kan. Ó sọ bí ojú ṣe dun ọkùnrin kan, bí iṣẹ́ ṣe fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe sáré tẹ̀ lé e dé iwájú ọ̀gá, tó kúnlẹ̀ tí kò dìde. Gbogbo ilé Ọlọ́run ń mi orí. Ó ní kí n dìde kí wọ́n lè rí mi.

Mo dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí rẹ̀, mo sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi pa á tán.